Ìlà Kan Gbọ́dọ̀ Kan Ògiri

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà orúnkún. Ara mi le. Otútù ibí yìí kò tíì gbé mi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gbìyànjú.

Ẹ ní kí n tún ṣàlàyé ohun tí mò ń pè ní ààlà géérégé, torí fóònù kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ yé. Ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré ti ba etí yín jẹ́, ṣùgbọ́n ojú yín ṣì mú. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́.

Ààlà ni iye tí nǹkan kan kò lè kọjá. Ààlà géérégé ni iye tí nǹkan náà kò lè kọjá, ṣùgbọ́n tó lè dé. Bí mo bá sọ pé kò sí ẹnì kankan nínú ilé wa tó ga ju òpó iná lọ, òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ òótọ́ náà kò wúlò fún káfíńtà tó fẹ́ mọ bí ẹnu ọ̀nà yóò ṣe ga tó. Bí mo bá sọ pé kò sí ẹni tó ga ju yín lọ nínú ilé náà, mo ti sọ ààlà géérégé, nítorí pé ẹ̀yin fúnra yín dé ibẹ̀. Orí yín kàn án.

Ohun tí mò ń fi ààlà sí ni pọlinómíà. Ẹ mú nọ́ńbà kan, ẹ fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí dé iye ìgbà tó wù yín. Ẹ fi iye kan lu ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye náà, kí ẹ wá ró gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá yà á sórí ìwé, ìlà kan ni yóò jẹ́, tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá rò ó pé a sé ìlà yìí mọ́ àárín ògiri méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, nínú yàrá tó gùn tó bó ṣe ga. Báwo ni ìlà náà ṣe lè dagẹ̀rẹ̀ tó láìjẹ́ pé ó fọ́ ògiri jáde? Àwọn tó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ yìí ti dáhùn tipẹ́. Bí agbára tó ga jù nínú rẹ̀, ìyẹn iye ẹ̀dà nọ́ńbà náà tí a lù pọ̀, bá jẹ́ mẹ́rin, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò lè ju mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin lọ, ìyẹn mẹ́rìndínlógún. Ìlà kan sì wà tó dé mẹ́rìndínlógún gan-an. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ló sọ ààlà náà di géérégé.

Tèmi jẹ́ ọmọ ìyá ìyẹn. Dípò ògiri, ìwọ̀n ni mo fi sé ìlà mọ́: mo ń wọn gíga rẹ̀ níbi gbogbo pa pọ̀, ibì kan sì wúwo ju ibòmíràn lọ nínú ìwọ̀n náà. Mo rí ààlà kan fún un, mo sì fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá mo dán ìlà oríṣiríṣi wò, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rìn ju ìdajì ọ̀nà lọ síbi tí mo fi ààlà sí. Àkọlé ìwé ìwádìí mi sì sọ pé géérégé. Bí ìlà kankan kò bá kàn án, àkọlé náà ń parọ́. Nítorí náà mo gba ìwé náà padà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ dán mi wò. Èmi fúnra mi ni mo gbà á.

Mo mọ̀ pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti fi àyè iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún mi, tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé kó sún un di oṣù kẹsàn-án. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà, Bàbá. Mo sì fẹ́ wà lọ́dọ̀ yín kí orúnkún yẹn tó sọ pé òun ò gun àkàbà mọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní wọ ẹ̀wù tó fi ìlọ́po méjì tóbi jù mí lọ wálé, kí n máa sọ fún èèyàn pé wọ́n wọ̀n mí rán an ni.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì

Ọmọ mi, Ìyá Onírò,

Mo dúpẹ́ pé otútù kò tíì rí ọ gbé. Orúnkún ní kí n kí ọ. Ó ní òun ò kú, òun kàn ń rìn jẹ́jẹ́ ni.

Mo ka lẹ́tà rẹ lórí òkìtì búlọ́ọ̀kù níbi iṣẹ́, mo tún kà á nígbà tí mo délé. Ibi òpó iná yé mi. Ibi ìlà tó wà láàárín ògiri méjì yé mi díẹ̀. Ibi tí o ti sọ pé ìwọ fúnra rẹ lo gba ìwé rẹ padà ni kò yé mi, kò sì ní yé mi. Ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà? Ta ló ń fa ọmọ ara rẹ̀ jáde nígbà tó kan án láti gba ẹ̀bùn? Ẹnì kan ń fìyà jẹ ọ́ níbẹ̀, o sì ń bò ó mọ́lẹ̀ kí inú mi má baà bàjẹ́. Mo mọ̀ ọ́. Nígbà tí o wà ní kékeré tí ọmọ ilé kejì gbá ọ létí, o ní ilẹ̀kùn lo fi ojú gbá. Ilẹ̀kùn wo ló ní ìka márùn-ún?

O ní òótọ́ ni ohun tí o kọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ò wá tó mọ́ ni? Ilé tí mo kọ́ fún oníbàtà tó wà ní ìkóríta, ìpìlẹ̀ rẹ̀ nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé ó wó? Kò wó. Ṣé ẹnikẹ́ni pè mí ní òpùrọ́? Rárá o. Wọ́n tún gbé iṣẹ́ mìíràn fún mi.

Mo ti kun yàrá rẹ ní funfun. Mo ti gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo ti sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé ìwọ lo máa bá wọn ṣí sáà tuntun. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹnu wo ni kí n gbé padà lọ bá ọkùnrin náà?

Fi ìwé náà lé wọn lọ́wọ́ bó ṣe wà. Ní ti ẹni tó ń dà ọ́ láàmú, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Ohun tó yẹ kí bàbá ṣe, bàbá yóò ṣe é.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mo kí yín, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé inú kì í bí ọmọ títí kó gbàgbé ìkíni.

Ọ̀gá mi, obìnrin àgbàlagbà tó ń tọ́ iṣẹ́ mi sọ́nà, wọ yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wá lọ́jọ́ Ajé. Yàrá náà kò tóbi: tábìlì méjì, pátákó ìkọ̀wé kan, àti fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìn ilé ẹlòmíràn. Ó mú àpò lẹ́tà kan dání. Ó ní, “Ẹnì kan kọ̀wé sí mi. Ó jọ pé èdè rẹ ni. Jọ̀wọ́, bá mi kà á.”

Bàbá, ọwọ́ ìkọ̀wé yín ni mo rí.

Ojú ìwé méjì lẹ fi bẹ ìyá arúgbó náà. Ẹ ní kó dárí jì mí bí mo bá ti rí i fín. Ẹ ní èmi ni àkọ́bí yín. Ẹ ní kó fojú àánú wo orúnkún yín. Orúnkún, Bàbá! Nínú lẹ́tà tó dá lórí ìṣirò!

Mo lè purọ́ pé ìkíni lásán ni. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, títí kan ibi tí ẹ ti ní ìbínú rẹ̀ gbóná ju ààrò lọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ààrò kẹ̀?” Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ìjókòó. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, “Sọ fún bàbá rẹ pé èmi ni mo bẹ ọ́ kí o má gba ìwé yẹn padà. Mo ní kí o kàn yọ ‘géérégé’ kúrò nínú àkọlé. Ta ló kọ̀?”

Mo ní, “Èmi ni.”

Ó ní, “Ṣé o rí i? Lọ kọ ìyẹn sí i.”

Nítorí náà mo ń kọ ọ́ sí yín. Kò sí ẹni tó gbá mi létí. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí mo bá yege, ẹni tó bá gbọ́ ìtàn lẹ́tà yín yóò ní wọ́n fi àánú ṣe é fún mi ni. Ẹ ti jẹ́ kí iṣẹ́ mi le sí i. Ó ku kí n ṣe é débi tí kò ní sí àyè fún àánú nínú rẹ̀ rárá.

Ẹ bi mí léèrè nípa ìpìlẹ̀ oníbàtà. Òótọ́ ni pé ìpìlẹ̀ tó nípọn jù kì í wó ilé. Ṣùgbọ́n oníbàtà kò bi yín pé, “Ìpìlẹ̀ wo ló tín-ín-rín jù lọ tó ṣì lè gbé ilé mi dúró?” Ká ní ó bi yín bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ wá fi èyí tó nípọn ní ìlọ́po méjì dá a lóhùn, ẹ kò tíì dáhùn. Ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n bi mí. Kò sí òmíràn nínú ìwé mi.

Mo ti rí ẹnu ọ̀nà báyìí. Àwọn pọlinómíà kan wà tí wọn kì í tojú bọ iṣẹ́ ara wọn. Ẹ wo yàrá: bí ẹ bá fi búlọ́ọ̀kù kún gíga rẹ̀, ìbú rẹ̀ kò yí padà, nítorí pé gíga àti ìbú dúró ṣánṣán síra wọn. Bákan náà ni àwọn pọlinómíà wọ̀nyí ṣe dúró ṣánṣán síra wọn lábẹ́ ìwọ̀n mi. Ìlà tó wù kó jẹ́, mo lè tú u sí ègé láàárín wọn, kí n wọn ègé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ọ̀kan má ba ti èkejì jẹ́. Ọ̀nà tí mo gbà tẹ́lẹ̀ kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ń ka ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni ìlọ́po méjì yẹn ti wá.

Mo bẹ yín, ẹ má kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni nítorí mi mọ́. Ẹ sì sọ fún mi: ṣé ẹ ti rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́?

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N kò rí èsì. Sáà ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá àyè mi ṣì wà tàbí wọ́n ti gbé ẹlòmíràn jókòó sí i. Bí inú bá ń bí yín, ẹ kọ ìbínú náà ránṣẹ́. N óò kà á. Iṣẹ́ ń lọ.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Kì í ṣe ìbínú ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ìtìjú ni. Àwọn méjèèjì jọra lójú, ṣùgbọ́n ìtìjú ni kì í tètè kúrò nílé ẹni. Bá mi kí ìyá arúgbó náà. Sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ààrò yẹn, n kò tíì rí i rí ni mo fi sọ ọ́.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ó to ìwé sí ọ̀tún àti òsì tábìlì rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé. Mo ní ọmọ mi ń tọrọ kí wọ́n dúró di oṣù kẹsàn-án.

Ó ní, “Bàbá, ẹnì kan ti ń bá wa mú àyè yẹn dání láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ó sì fẹ́ kó di tòun. Ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ ti pé. Kí ló dé tí ọmọ yín fi gba iṣẹ́ tó jẹ́ òótọ́ padà?”

Mo ní, “Nítorí pé kò kan ògiri ni.”

“Ògiri wo?”

Mo ní, “Ọ̀gá, èmi bíríkìlà lẹ ń bi ní ògiri wo?”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Ó ní ìtàn lòun fi ń kọ́ni, òun kò mọ ìṣirò. Òun kò mọ̀ bóyá ẹni tó gba iṣẹ́ rẹ̀ padà jẹ́ olóòótọ́ tàbí ẹni tí kì í parí nǹkan. Ó wá ní, “Kí ó fi ohun tí a lè fojú rí ránṣẹ́. Àwa olùkọ́ máa ṣèpàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Bó bá yé wa, a ó dúró dè é. Bí kò bá yé wa, ẹni tó wà nílẹ̀ la máa fún. Ẹni tí kò lè là á yé àwa, báwo ló ṣe máa là á yé àwọn tó fẹ́ di olùkọ́?”

Ọmọ mi, mo kí i, mo jáde. Mo rò pé ó tọ́ kó béèrè.

Nítorí náà, kọ ọ́ fún mi. Má kọ ọ́ bí ẹni ń kọ̀wé sí ọ̀mọ̀wé. Èmi ni n óò gbé e lọ, èmi ni n óò fi ọwọ́ ara mi ṣe é níwájú wọn. N kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́.

Ó kàn án.

Mo tú gbogbo ìlà sí ègé láàárín àwọn pọlinómíà tó dúró ṣánṣán síra wọn, mo wọn ègé kọ̀ọ̀kan, ààlà tuntun sì jáde, ó dín sí ìdajì ti àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá ìlà tó dé ibẹ̀. N kò rìn jìnnà: ọ̀kan nínú ìdílé náà gan-an ni, èyí tí agbára rẹ̀ ga jù. Ọ̀gá mi kà á tán, ó padà sí ojú ìwé kẹta, ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, “N kò rí ibi tí n óò ti bá ọ jà.” Wọn yóò dán mi wò ní oṣù keje. Àkọlé kò yí padà.

Èyí ni ohun tí ẹ máa ṣe níwájú wọn. Àpẹẹrẹ àtijọ́ ni mo lò, ti ìlà tó wà láàárín ògiri méjì, nítorí pé ojú lè rí i.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ kan sílẹ̀, kó gùn ní mítà méjì. Ẹ fi okùn mítà kan ya ààbọ̀ òbìrípo láti àárín rẹ̀. Ó ti di ọrun àti ọ̀ṣán: apá tó tẹ̀ ni ọrun, ìlà tó nà tàntàn ni ọ̀ṣán. Ẹ pín ọrun sí mẹ́rin ọgbọọgba. Láti ojú àmì kọ̀ọ̀kan, ẹ fa ìlà tó tọ́ ṣánṣán wá sórí ọ̀ṣán. Ẹ ó ní ojú márùn-ún lórí ọ̀ṣán: orí méjèèjì, àárín, àti méjì mìíràn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí àárín ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mọ́kànléláàádọ́rin.

Ẹ wá fa ògiri méjì: ọ̀kan ní mítà kan sókè ọ̀ṣán, èkejì ní mítà kan sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ní ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí àárín ní mítà, kí ẹ fi í lu ara rẹ̀. Ẹ pe èyí tó jáde ní èso. Ẹ fi èso lu èso, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ yọ ìlọ́po mẹ́jọ èso kúrò níbẹ̀. Ẹ fi ẹyọ kan kún un. Iye tó kù ni gíga ìlà náà. Ní orí ọ̀ṣán méjèèjì, èso jẹ́ ẹyọ kan: mẹ́jọ, yọ mẹ́jọ, fi ọ̀kan kún un, ó ku ọ̀kan. Ó kan ògiri òkè. Ní àárín, èso jẹ́ òfo: ó ku ọ̀kan, ó tún kan òkè. Ní ojú méjì tó kù, èso jẹ́ ìdajì: méjì, yọ mẹ́rin, fi ọ̀kan kún un. Ó fi ọ̀kan wọ ìsàlẹ̀. Ó kan ògiri ìsàlẹ̀.

Ìlà alágbára mẹ́rin tó kan ògiri nígbà márùn-ún, òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, òkè, láìfọ́ ọ̀kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ sún kúrò ní orí ọ̀ṣán kan sí ọ̀nà àárín ní sẹ̀ǹtímítà kan péré, ẹ tún gíga ṣírò. Yóò ti sọ̀ kalẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlógún. Òun ni ìlà tí mo sọ fún yín ní ìbẹ̀rẹ̀. Òun náà wá láti inú ìdílé àwọn tí kì í tojú bọ iṣẹ́ ara wọn. Ibi tí tèmi ti wá nìyẹn.

Bí kò bá yé wọn, Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fún ẹlòmíràn. N óò wálé síbẹ̀síbẹ̀. N óò wá iṣẹ́ mìíràn.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Ọmọ mi, Ìyá Onírò,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ.

Àwọn olùkọ́ méje ni wọ́n ti àga sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú yàrá wọn. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àti okùn, orúnkún ń kígbe, mi ò dá a lóhùn. Mo ya ọrun, mo ya ọ̀ṣán, ó rí rẹ́gí. Ẹnì kan ní, “Ẹ wo ọwọ́ bàbá yìí!” Inú mi dùn jù, ni mo bá ṣe é bí mo ti ń ṣe é láti ọjọ́ tí mo ti ń to búlọ́ọ̀kù: ọ̀ṣán ni mo pín sí mẹ́rin. Mo wọn ìdajì mítà sí ọ̀tún, mo wọn ìdajì mítà sí òsì. Olùkọ́ eré ìdárayá bá mi ṣírò. Ìdajì lọ́nà ìdajì, èso jẹ́ ìdá mẹ́rin. Ìdajì, yọ méjì, fi ọ̀kan kún un. Ó fi ìdajì péré wọ ìsàlẹ̀. Àmì náà rọ̀ sáàárín ọ̀nà, kò kan òkè, kò kan ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó ní, “Bàbá, ògiri wo?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òógùn bò mí, nítorí mo mọ ohun tó wà lórí ilẹ̀ yẹn. Mo yọ lẹ́tà rẹ, mo kà á sókè. “Ẹ pín ọrun.” Ọ̀gá náà ní, “Ọrun ló wí. Ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì wá.” Òun fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. A pín ọrun. A fa ìlà sórí ọ̀ṣán. Olùkọ́ eré ìdárayá ṣírò, ó tún un ṣírò, ó ní, “Ó kàn án.” Wọ́n fi ẹsẹ̀ tọ ìlà náà láti orí dé orí. Olùkọ́ kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ní, “Ṣé ìyẹn ni pé irú ibi tí kò kan ògiri yìí ni iṣẹ́ ọmọ yìí wà, tó sì ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́, tó tún gba ìwé rẹ̀ padà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀gá náà gbọn ẹfun kúrò lórúnkún. Ó ní, “Oṣù kẹsàn-án. Ẹ sọ fún un kó má pẹ́.” Ẹni tó ń mú àyè dání yóò lọ sí kíláàsì kejì, kò bá ọ jà.

Yege ní oṣù keje, kí o máa bọ̀. Nígbà tí ìwọ náà bá dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ, má kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ọrun ni kí wọ́n pín. Jẹ́ kí wọ́n pín ọ̀ṣán, kí wọ́n rí àmì tó rọ̀ sáàárín. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ọwọ́ pa á rẹ́, kí wọ́n tẹ́ okùn lé ọrun láti orí dé orí, kí wọ́n gé e, kí wọ́n ká a sí méjì, kí wọ́n tún ká a sí méjì, kí wọ́n wá fi èyí tó kù lọ́wọ́ wọn pín ọrun.

Bàbá rẹ.